Omi Tó Mọ́ Lójú

Ní ọdún tí àwọn sọ́jà gba ìjọba, bí ará Òkè-Ẹlẹ́tu kan ní Arámọkọ bá fẹ́ bá ènìyàn jà nítorí omi, kì í lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Ilé Hùmúàní aláró ni ó ń lọ. Ibẹ̀ kò jìnnà, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò sì ní ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ẹ̀yìnkùlé ilé náà ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé odò Ẹlẹ́tu tí gbogbo àdúgbò ń pọn mu. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ni páìpù káńsù wà. Àwọn olóṣèlú ló kó wọn wá nígbà tí ìbò ń bọ̀. Wọ́n so wọ́n mọ́ra láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní kí òjò ọdún náà tó dá, omi ẹ̀rọ yóò dé. Òjò dá. Òjò ọdún kejì rọ̀, òun náà dá. Ìjọba yí. Àwọn páìpù náà ń dípẹtà lórí ilẹ̀, ewúrẹ́ ń fi wọ́n họ ara, èyí tó wà lókè pátápátá sì la ẹnu sílẹ̀ lẹ́bàá ìdí aró Hùmúàní bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Keresimesi ku ọ̀la. Ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí náà ti wọ ara. Ọyẹ́ ti fa Ẹlẹ́tu gbẹ títí ó fi kù tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkúta. Hùmúàní ti jẹ sáàrì, iṣu àti epo, ó ti kírun, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí àwọn ìkòkò rẹ̀, nígbà tí Dorcas gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, agbọ̀n lórí. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé Dorcas wà. Fùfú ni ó ń ṣe tà, ìjọ Àpọ́sítélì ni ó ń lọ, ohùn tí ó fi ń kọrin níbẹ̀ náà ni ó fi ń jà.

“Ìyá Simiat, o kú iṣẹ́ o. Mo gbé ọrẹ Keresimesi rẹ wá.”

Ó da agbọ̀n náà dé sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí ó rẹ sódò ni. Ó ti rọ̀ dáadáa, ó ti tó sẹ́, ṣùgbọ́n búlúù ni, láti èèpo dé inú.

“Fùfú aláró,” ni Dorcas wí. “Bá mi wá ọbẹ̀ tí n ó fi jẹ ẹ́. Ṣé ẹ̀gúsí ni, àbí ọṣẹ?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ọládọ̀tun. N ó gbé ẹ̀gẹ́ mìíràn fún yín.”

“Ta ní ń tọrọ ẹ̀gẹ́? Oko kún fún ẹ̀gẹ́. Omi ni mo ń bi ọ́. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ ń rẹ aró, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń lò, kò sí ẹni tó gbọ́ ìró wọn lódò. Èyí tí ẹ̀yin ń rà nínú agolo yìí kì í lọ. Ó wà lára ẹ̀gẹ́ mi, ó wà lára aṣọ mi, bóyá ó ti wà nínú ikùn mi náà.” Ó tún ọ̀já rẹ̀ so. “Mo ti lọ sọ fún olóyè Ògúnlàdé. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, wọ́n ń bọ̀. Bí omi tó ń jáde níbí bá ṣì ní aró, wọn ó fọ́ ìkòkò rẹ, títí kan èyí tí o fi ń se ọbẹ̀.”

Hùmúàní wo àwọn ìkòkò rẹ̀. Aláró tí àdúgbò bá fọ́ ìkòkò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbé aṣọ fún un mọ́, ìbáà ra ìkòkò tuntun. Láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n ni wọn yóò ti gbọ́. Aṣọ Ìtúnu àti aṣọ Keresimesi àwọn ẹlẹ́ni wà nínú aró báyìí. Kòkó ọkọ rẹ̀ kò sì so lọ́dún náà. Ìdí ìkòkò yìí ni ilé ti ń jẹun.

“Ẹ sọ fún olóyè kí wọ́n máa bọ̀,” ni ẹnìkan wí lẹ́yìn wọn.

Yàkúbù ọkọ Hùmúàní ni. Ó gbé ajere, ìkòkò oníhò tí wọ́n fi ń yan ẹran, lé èjìká. Apá rẹ̀ dúdú fún èédú.

“Kí wọ́n tó dé, omi ibí yìí yóò ti mọ́ gaara, tí ẹ ó fi máa ka eyín yín nínú rẹ̀.”

Dorcas wo ajere náà, ó wo ọkùnrin náà. “Bàbá Simiat, ajere lẹ fẹ́ fi gbé omi?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó fi ẹ̀gẹ́ náà sílẹ̀ níbi tí ó dà á sí.

Àbẹ̀kẹ́, ìyá Yàkúbù, wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Òun ni ó ni àwọn ìkòkò náà kí agbára rẹ̀ tó pin, òun ni ó sì kọ́ Hùmúàní níṣẹ́.

“Kí lo fẹ́ fi ajere ṣe nínú ulé mi?”

“Ìyá, ẹ rántí ibi tí àwọn obìnrin ti ń pa èkùrọ́ nísàlẹ̀ yẹn? Wọ́n dáná sun òkìtì èésan kan, èèpo èkùrọ́ tí wọ́n ti pa, níbẹ̀. Omi aró wa ń gba ìdí òkìtì náà kọjá. Mo dúró wò ó lánàá. Ó wọ inú èédú náà ní búlúù, ó sì jáde ní funfun. Èédú èésan ló gbé aró náà mì. Aró ń lẹ̀ mọ́ ọn bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.”

“Aró nìkan?”

“Kí ló tún wà níbẹ̀?”

Ìyá náà wo ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Awọ orí ìka Hùmúàní ti ń ṣí, èékánná rẹ̀ méjì ti pọ́n. Sódà tí ó ń pò mọ́ aró ló ṣe é. Ọkùnrin kan láti Ìjerò ní ń gbé sódà náà wá lọ́jọ́ ọjà, tí ó ń wọ̀n ọ́n sínú agolo mílíìkì fún àwọn aláró. Ó máa ń sọ bí aṣọ yóò ti tètè gba aró. Kò sọ ohun mìíràn rí, kò sì sí ẹni tó bi í.

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ,” ni Àbẹ̀kẹ́ wí, ó sì padà sídìí tẹ̀súbáà rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Yàkúbù tẹ́ ìhá ẹyìn sí ìsàlẹ̀ ajere kí èédú má baà jò. Ó da èédú èésan tí ó ti gún sórí rẹ̀, ó da eérú èèpo kòkó lé e, ó tún fi ìhá bo gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé e lé orí ìkòkò òfìfo, bí àwọn àgbà aláró ti ń sẹ́ omi eérú. Hùmúàní bu omi aró, ó rọra ń dà á sí i.

Ohun tó kọ́kọ́ kán sílẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ẹ kú oríire o,” ni Hùmúàní wí. “Ẹ ti sọ aró di tàdáwà. Ẹ jẹ́ kí n lọ tà á fún àwọn ọmọ iléèwé.”

“Ṣé wàá ní sùúrù?”

“Sùúrù! Àwọn tó fẹ́ fọ́ ìkòkò mi ń mú ọmọ odó sílẹ̀, ẹ ní kí n ní sùúrù. Ọkọ ẹlòmíràn ì bá ti lọ bẹ olóyè.”

“Lọ bẹ olóyè kí n sọ pé kí ni? Pé kí ìyàwó mi máa da aró sí omi mímu?”

“Ẹ̀yin náà ń jẹ nínú aró náà!”

Ọ̀rọ̀ náà dún ju bí ó ti rò lọ. Lẹ́yìn ọgbà, ẹnìkan tó ń gbálẹ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró láti gbọ́. Yàkúbù kó èédú náà jáde, ó fi omi ṣàn án, ó tún un ṣàn, títí ẹ̀gbin rẹ̀ fi lọ. Ó tún un tò. Ó fún ìhá mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Oòrùn ti gòkè nígbà tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Hùmúàní gbé igbá funfun sábẹ́ rẹ̀. Omi náà kún díẹ̀díẹ̀, Hùmúàní sì rí ìsàlẹ̀ igbá náà, ó rí ọ̀nà tí ọ̀bẹ agbẹ́gbá gbà kọjá. Ó tún bu aró tó dúdú jù dà sínú ajere. Omi tó jáde mọ́ bí ti àkọ́kọ́.

“Alihamudulilahi!” Ó yọ gèlè lórí, ó fi nu ojú. “Bàbá Simiat, ẹ mà gbọ́n o. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí.”

“Ọ̀rọ̀ wo?” ni Yàkúbù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín nínú ilé náà.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n kí ìrun ọ̀sán, Àbẹ̀kẹ́ bu omi láti fi ṣe àlùwàlá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Igbá omi ajere tó sún mọ́ ọn ni ó bu. Ó fọ ọwọ́ kan, ó fi ọ̀kan pa ọ̀kan, ó sì dáwọ́ dúró.

“Hùmúàní. Omi yìí ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀.”

“Eérú ni, Ìyá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé omi eérú a máa yọ̀.”

“Èmi ni mo kọ́ ọ.” Ìyá náà tún fi àtàńpàkò pa ìka rẹ̀. “Omi eérú tí mo mọ̀ kì í ta bí uná.” Ó da omi náà nù, ó ní kí wọ́n gbé kẹ́tùlù òun wá, ó sì fi omi inú rẹ̀ tún àlùwàlá rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Hùmúàní gbọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ẹlẹ́ni ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ ti ń ta á láti ìgbà tí ó ti ń lo sódà, kò mọ èyí tó jẹ́ tuntun nínú ìta náà mọ́.

Yàkúbù nìkan ló rí ohun tó ṣe adìyẹ kan. Àgbébọ̀ dúdú kan wá sídìí igbá, ó ki ẹnu bọ omi náà, ó gbé orí sókè kí ó lè gbé e mì. Lójijì ó gbọn orí. Ó fi ẹnu nulẹ̀, apá kan, apá kejì, ó tún nù ún, bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó sáré lọ sábẹ́ àká àgbàdo, ó dúró níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Yàkúbù wò yíká. Kò sí ẹni tó ń wo ibẹ̀. Ó mú ìdérí, ó fi bo igbá náà, ó lọ jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìròyìn ti kárí àdúgbò. Àwọn obìnrin ń yọjú lórí ọgbà láti wo ajere tó ń fọ aró. Dorcas náà tún dé. Ó ṣí igbá náà, ó wò ó, ó gbé e sókè sí oòrùn. Kò rí ohun tí yóò bú.

“Ó mọ́ lójú,” ni ó wí níkẹyìn. “Ẹnu ń kọ́?”

“Ẹ tọ́ ọ wò,” ni Hùmúàní wí.

“Èmi? Nílẹ̀ yìí, ẹni tó bu omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Àbí wọ́n ti yí ìyẹn náà padà nígbà tí wọ́n yí ìjọba?”

Àwọn obìnrin tó wà lórí ọgbà bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ mọ̀ pé mo ń gbààwẹ̀.”

“Ẹ gbọ́ o! Ààwẹ̀ ti di ibi ìsápamọ́ sí. Ẹní ní omi mọ́ kò lè mu ún.”

Hùmúàní nà ró. Ó wo gbogbo orí tó wà lórí ọgbà náà. Ní gbogbo ọdún tí ó ti ń gbé àdúgbò yìí, kò sí ẹni tó lè ní òun rí i tí ó jẹun ní ọ̀sán ààwẹ̀.

“Ó dáa. Omi yìí gan-an ni n ó fi ṣínu. Lójú olóyè, lójú gbogbo yín. Ẹ pe ẹni tó bá kù wá.”

“Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn,” ni ẹnìkan wí. “Omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá ẹni.”

Wọ́n túká. Àbẹ̀kẹ́ ta ọ̀pá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Tọ́ ọ wò nísinsìnyí. Fi ahọ́n kàn án, kí o tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ààfáà gbà bẹ́ẹ̀ fún alásè tó fẹ́ mọ iyọ̀ ọbẹ̀. Kò ba ààwẹ̀ jẹ́.”

“Kí Ìyá Ọládọ̀tun wá gbé orí lé ọgbà kó rí mi? Kí ó lọ kéde pé Hùmúàní ń jí omi mu lọ́sàn-án? Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀.”

“Wọ inú yàrá.”

“Ọlọ́run wà nínú yàrá.”

Àbẹ̀kẹ́ yí sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ, Yàkúbù. Ìwọ lo ṣe é. Tọ́ ọ wò.”

Yàkúbù dìde. Ó dé ìdí igbá náà, ó ṣí i. Abẹ́ àká kò jìnnà síbẹ̀. Àgbébọ̀ dúdú náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀. Yàkúbù na ìka sí omi náà, kò kàn án. Ó dé e padà.

“Ìyá Simiat,” ni ó wí.

“Kí ni?”

Oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn òkè. Olóyè Ògúnlàdé yóò ti máa wọ ẹ̀wù rẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan.”

Wọ́n dé. Ògúnlàdé ló ṣáájú, àwọn ọkùnrin kan ń tẹ̀ lé e, ẹnìkan nínú wọn gbé ọmọ odó lé èjìká. Àwọn obìnrin kún ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbé àga fún olóyè. Ó wo ajere, ó wo àwọn ìkòkò aró tí aṣọ kún inú wọn, ó wo omi inú igbá. Ó ní àwọn kò wá fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni, pé omi ni ọ̀rọ̀ àwọn. Kò wo ìhà páìpù.

Ohùn ládàánì ta láti mọ́sáláṣí. Hùmúàní kúnlẹ̀, ó gbé igbá náà lọ́wọ́ méjèèjì.

“Bísímílà,” ni ó wí, ó sì mu ún.

Ó bù ú jẹ ní ètè kí ó tó dé ahọ́n. Ó gba orí ahọ́n bí ẹyín iná, ó dúró sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹnu rẹ̀ kún fún un. Ó lè tu ú dà sílẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí ọmọ odó lórí èjìká ọkùnrin náà. Ó rí aṣọ àwọn ẹlẹ́ni. Ó rí Dorcas tó na ọrùn.

Ó gbé e mì.

Ó sọ igbá náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín sí wọn.

“Ó mu ún!” ni wọ́n ké. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Yàkúbù mí kanlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Àbẹ̀kẹ́ kò pàtẹ́wọ́.

“Ìkòkò rẹ kò ní fọ́,” ni Ògúnlàdé wí. “Ohun tí o fi ẹnu ara rẹ mu, àwa náà lè mu ún. Irú èyí ni kí o máa dà sódò láti òní lọ. Ẹni tó bá tún yọ ọ́ lẹ́nu, kó wá rí mi.”

Dorcas ti sún mọ́ ọn. Ojú ń tì í, ó sì jẹ́ kí ojú ti òun. “Ìyá Simiat, má bínú sí mi. Ẹ̀gẹ́ yẹn ló dùn mí. Jẹ́ kí n bu díẹ̀ nínú rẹ̀. Victoria ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń bẹ nílé, láti àárọ̀ ló ti ń pòùngbẹ omi tí kò ní àwọ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igbá náà.

Hùmúàní la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú, ìró kan jáde bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gba inú pòròpórò ọkà. Dorcas ti yí ẹ̀yìn, ó ti ń lọ, ó di igbá náà mú dáadáa kí ó má baà dànù.

Hùmúàní sáré bá a, ó sì gbá igbá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi náà dà sílẹ̀.

“O kọ̀ fún mi?” ni Dorcas bi í. “Omi tí ìwọ náà mu?”

Hùmúàní mi orí. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó fọwọ́ kan omi tó dà sílẹ̀, ó tún fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n ń wò ó, kò yé wọn. Ó lọ bá ọkùnrin tó gbé ọmọ odó, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ dù ú, ó rò pé ijó ló fẹ́ jó.

Ajere ni ó kọ́kọ́ fọ́. Lẹ́yìn náà ó dojú kọ àwọn ìkòkò tí ìyá ọkọ rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́, ó ń fọ́ wọn lọ láti orí èyí tó ga jù, aṣọ Ìtúnu àti aṣọ Keresimesi ń wó jáde nínú wọn sórí ẹrẹ̀.

“Ẹ dì í mú!” ni Ògúnlàdé wí. “Orí rẹ̀ ti yí.”

Kò sí ẹni tó dì í mú. Nígbà tí ìkòkò tán, ó jẹ́ kí ọmọ odó bọ́, ó jókòó sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ta ọ̀pá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ tó kù, ó sì fi ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ wo inú ẹnu náà. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tí ó parí, ó yí padà, ó wo ọmọ rẹ̀ lójú. Yàkúbù wo ìhà àká.

“Ẹ gbé epo wá,” ni ìyá náà wí. “Kí ẹnìkan sì wá mọ́tò tó ń lọ sí ọsibítù.”

Dorcas ni ó sáré lọ wá mọ́tò. Ó gbàgbé bàtà rẹ̀ kan síbẹ̀.

Aró inú àwọn ìkòkò náà, èyí tí wọn kò tíì sẹ́, ti ń ṣàn. Ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn tó wá wòran, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń ká ẹ̀wù. Ó dé ẹnu páìpù tó wà lókè pátápátá, ó sì wọ inú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ bí ó ti ń dún nínú irin náà, láti páìpù dé páìpù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà ilé Dorcas, sí odò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí omi yóò gba inú páìpù káńsù kọjá ní Òkè-Ẹlẹ́tu.